Ojú Ejò Wúrà Tí Ó Sọnù ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jìn mí bí ìwé yìí kò bá lọ geere. Ìwé mẹ́fà ni mo kà yanjú, mo lo ọdún kan àti díẹ̀ ní girama, lẹ́yìn náà ni mo lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Láti ìgbà yẹn, ohun tí mo sábà ń kọ kò ju ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà lọ. Bí mo bá wà láàárín èèyàn, ọ̀rọ̀ kì í fẹ́ jáde lẹ́nu mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe tèmi. Ti ìyá àgbà ni, ìyá tó bí ìyá mi, tí èmi àti wọn jọ ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe gbìyànjú láti kọ ọ́.

Àǹtí Ráfíà ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀. Ó tètè kúrò níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ní kí òun yà wá kí ìyá àgbà. Ó fi ẹ̀gbà kan sọ́wọ́. Ejò ni ẹ̀gbà náà, ó ká ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dán yinrin, òkúta pupa méjì sì wà níbi ojú rẹ̀. Ìyá àgbà fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, wọ́n bọ́ ẹ̀gbà náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n jù ú sókè díẹ̀, wọ́n hán an.

"Ráfíà, níbo lo ti rí páànù yìí?"

"Páànù kẹ̀, Màmá! Wúrà ni wọ́n pè é fún mi. Orí fóònù ni mo ti rà á."

"Ẹni tó tà á fún ẹ, ṣé orí fóònù náà ló ti gé e jẹ wò?"

Ẹ̀rín pa wá. Àǹtí Ráfíà fẹ́ gba ẹ̀gbà rẹ̀, ìyá àgbà dì í mú.

"Ejò yìí, ebi ń pa á. Wúrà kì í fúyẹ́ báyìí. Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì, kí n sọ bí ejò ṣe rí fún yín."

Láti ibi yìí, ìyá àgbà ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ariwo ọ̀kadà ló ń jí yín. Nígbà tí mo wọ agboolé yìí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, tí wọ́n bá ti kí ìrun àsùbáà tán, ohùn ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ná la máa ń gbọ́. Fùú, fùú, bí àgbàlagbà tó sùn fọnfọn. Tó bá ṣe díẹ̀, ọmọ owú, òòlù kékeré wọn, á bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe bíi ti alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ tó máa ń dún gbàù gbàù o. Ti oníwúrà dà bí ìgbà tí ẹyẹ àkókó bá ń sọ igi jẹ́jẹ́. Ìsọ̀ mẹ́rin ló wà láti ẹnu ọ̀nà wa yìí dé ìsàlẹ̀ odò, ohùn mẹ́rin ni, mo sì lè fi etí mọ èyí tó jẹ́ ti ọkọ mi, bàbá yín àgbà. Lónìí, ọ̀kan ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, ọ̀kan ti di ti onígbàjámọ̀, méjì ti wó. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Ejò ni wọ́n mọ bàbá yín mọ́. Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gánà, ó sì kó o sórí wá sílé. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ejò kan, wọ́n á wọn wúrà pẹ̀lú hóró ojú ológbò, èso pupa olórí dúdú yẹn, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fà á bí òwú, wọ́n á wé e, wọ́n á wá máa fi irin ṣóńṣó kọ ìpẹ́ sí i lára níkọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, nígbà mìíràn ọjọ́ mọ́kànlá. Kò sí ìpẹ́ kan tó tóbi ju ìkejì lọ. Tó bá parí, ejò náà á ká ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá fà á, á nà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á padà wá di ọwọ́ mú bí ohun tó lẹ́mìí. Wọ́n á sè é nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ kí ó lè pọ́n dáadáa. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tó ń hó, ara mi á fà sí ìsọ̀ yẹn.

Ẹ mọ ibi tí wúrà náà ti ń wá? Ọ̀dọ̀ wa ni. Inú oko kòkó lẹ́yìn Iléṣà ni wọ́n bí mi sí. Lẹ́yìn òjò ńlá, àwọn ìyá wa á gbé igbá lọ sódò, wọ́n á máa ṣẹ́ yanrìn bí ẹni ń ṣẹ́ ìrẹsì, orin lẹ́nu, ẹsẹ̀ nínú omi tútù, títí ohun tó ń kọ mànà, tí kò ju ata gígún lọ, á fi kù sí ìdí igbá. Inú ihò ìyẹ́ ẹyẹ ńlá ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, wọ́n á sì fi ìda dí i lẹ́nu. Ìyá mi ní ìyẹ́ mẹ́ta lájà, àwa ọmọ kò gbọdọ̀ sín níbi tí wọ́n bá ti ń tú u. Omi odò yẹn mọ́ débi pé ẹ óò ka ìka ẹsẹ̀ yín nínú rẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tú ilẹ̀, ẹ sì ń wo Ọ̀ṣun lẹ́yìn ilé wa, ó ti pọ́n bíi tíì tí wọ́n da wàrà sí.

Ọjọ́ Iléyá ni kí ẹ rí wa! Bí gbogbo àwa obìnrin bá gbé ọwọ́ sókè ní yídì, oòrùn á mú àwọn ejò náà, ẹ óò ní iná ni wọ́n tàn. Ní Iléṣà, ọjọ́ ọdún Ìwúde ni. Àwọn ìyàwó olóko kòkó á ká apá bùbá wọn sókè bí ẹni tí ooru ń mú, kí ejò wọn lè rí ìta. Ìyá kan tilẹ̀ wà tó sanra, tí ejò rẹ̀ há mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ọṣẹ kùn ún, wọ́n fi epo kùn ún, ó kọ̀. Bàbá yín ní, "Ìyá, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká dúró de ààwẹ̀."

Àǹtí Ráfíà ní, "Ó wá bọ́?"

"Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Obìnrin yẹn ní oore tí òun rí nínú ààwẹ̀ ọdún yẹn nìyẹn."

Ohun kan wà tí bàbá yín kì í ṣe. Wọn kì í fi ojú sí ejò. Ààfáà wọn ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá ṣe ère tó sì là á lójú, wọn á ní kí ó fún un ní ẹ̀mí lọ́run. Nítorí náà, ihò méjì bí ojú abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ níbi orí ejò, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sí Iléṣà, sí ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ onígbàgbọ́, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ òkúta iyebíye. Òun ló ń fi òkúta pupa síbẹ̀. Fún àwọn ọlọ́rọ̀, ó tún ń fi òkúta aláwọ̀ ewé kan sí iwájú orí. Á gbé òkúta sínú ihò náà, á wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti etí wúrà bò ó díẹ̀ díẹ̀ bí ìpéǹpéjú. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọ̀rẹ́ ọkọ, nítorí náà mo fún wọn lórúkọ tèmi. Ẹ̀yinjú ni mo ń pè wọ́n.

Ẹ̀yinjú máa ń wá láti Iléṣà, obì nínú àpò kan, òkúta nínú àpò kejì. Láti ojúde ni wọ́n á ti pariwo pé, "Ẹ̀yin Mùsùlùmí, mo gbọ́ pé ẹ tún ti bí ejò afọ́jú!" Bàbá yín á dáhùn pé, "Kìrìyó, wọlé, wá bá wa dá ẹ̀ṣẹ̀!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ẹwìrì á fi dákẹ́. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí n tó wọ ilé yìí. Ẹnì kan ní Òṣogbo ló ń ṣe ara, ẹnì kan ní Iléṣà ló ń ṣe ojú, kò sì sí obìnrin tó mọ̀ pé ọwọ́ méjì ló ṣe ejò òun.

Ìsọ̀ oníwúrà sì ní òfin. A kì í gbá a síta. Inú ni wọ́n ń gbá a sí, olórí ìsọ̀ nìkan ló sì ń gbá a. Inú ìkòkò kan ni wọ́n ń da eruku rẹ̀ sí. Àlejò tó bá fẹ́ jáde á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbọn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á ṣẹ́ eruku náà, ohun tó bá jáde nínú rẹ̀ á tó òrùka méjì.

Bí ìyá àgbà ṣe sọ èyí tán, fóònù Àǹtí Ráfíà dún. Ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé ti dé títì. Ó gba ejò rẹ̀, ó fi í sọ́wọ́. "Màmá, ẹ bá mi fi èyí tó kù pamọ́ o. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe parí."

"Máa lọ, ọmọ mi. Kí ejò rẹ má bu ẹnikẹ́ni jẹ nínú ọkọ̀."

Nígbà tó lọ, ìyá àgbà fi orí ti ògiri, wọ́n di ojú. Mo ń ṣa ẹ̀wà, mo rò pé wọ́n ti sùn lọ.

"Àdùkẹ́, sún mọ́ mi. Ìwọ, o ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìwọ ni mo lè sọ ọ́ fún."

Mo gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí mo wọ ilé yìí ni. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, bí mo bá la ẹnu, àwọn obìnrin ilé á máa sín mi jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún, ọ̀kan nínú àwọn ìyálé mi wo ojúde, ó ní, "Ìyàwó Ìjẹ̀ṣà, ṣé iyán nìkan lẹ mọ̀ ní oko yín, ẹ ò mọ ìgbálẹ̀?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi sì ti sọ fún mi kí n tó kúrò nílé pé, ìyàwó tí ìgbálẹ̀ ẹlòmíràn bá dún ṣáájú tirẹ̀ láàárọ̀, ìyá rẹ̀ ló dójú tì. Inú mi bà jẹ́. Mo pinnu pé lọ́jọ́ kejì, kò ní sí ibi tí mi ò ní gbá.

Iléyá ku ọjọ́ méjì. Àlàájà kan ti mú òkúta pupa méjì wá, òkúta tó yọ lára yẹtí ìyá rẹ̀ tó kú, ó ní òun ni kí wọ́n fi ṣe ojú ejò òun. Nítorí pé àkókò ti lọ, Ẹ̀yinjú fúnra wọn wá sí Òṣogbo, wọ́n sì sùn sínú ìsọ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n kó òkúta méjèèjì sórí rẹ̀, wọ́n ṣẹ́ etí aṣọ náà bò wọ́n di àárọ̀.

Láàárọ̀, bàbá yín wà ní mọ́sáláṣí. Ẹ̀yinjú ti lọ wẹ̀ lódò. Mo wọ ìsọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ mi. Wọn kò tíì sọ òfin ibẹ̀ fún mi, ta ló máa rò pé ìyàwó tuntun á wọ ibẹ̀? Mo rí aṣọ lórí tábìlì, eruku wà lára rẹ̀. Mo gbé e, mo gbọ̀n ọ́n, mo tẹ́ ẹ padà. Mo gbálẹ̀ láti igun dé igun, mo kó gbogbo rẹ̀, mo lọ dà á sí ààtàn etí odò. Àdùkẹ́, mo dúró, mo wo ilẹ̀ náà, inú mi dùn. Mo ń retí kí ẹnì kan yìn mí.

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí bàbá yín wọlé.

"Ta ló gbá ibí?"

Ẹ̀yinjú ní, "Mo rò pé ìwọ ni."

"Èmi tí mo wà ní mọ́sáláṣí?"

"Bóyá ará ilé ni."

"Gbogbo ará ilé mi ló mọ òfin."

Wọ́n tú aṣọ náà. Òkúta kan ló wà nínú ìṣẹ́po rẹ̀. Kò sí ìkejì. Wọ́n wá abẹ́ tábìlì, wọ́n wá inú eérú, wọn ò rí i. Bàbá yín kọjú sí ọ̀rẹ́ wọn. Ẹ̀yinjú tú àpò wọn méjèèjì síta, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbọn bàtà.

Bàbá yín ní, "Èmi ò pè ọ́ lólè."

Ẹ̀yinjú ní, "O ò pè mí. Ṣùgbọ́n ò ń wò mí."

Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo rò ó pé tí mo bá jáde, wọ́n á ní ìyàwó ẹlẹ́sẹ̀ burúkú ni mí, ìyàwó tí kò tíì pé oṣù kan tó ti gbá ọrọ̀ ilé dànù. Wọ́n á dá mi padà sí oko bàbá mi. Mo dúró. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, mo sáré lọ sí ààtàn, mo fi ọwọ́ tú u títí èékánná mi fi ya, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, àgbàrá ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sínú Ọ̀ṣun.

Ẹ̀yinjú kó irin iṣẹ́ wọn, wọn kò dúró jẹun, wọn kò sì wá mọ́. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ láàárín oníwúrà. Ẹni tó ń fọwọ́ kan òkúta olókùúta, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ní. Kò sí ẹni tó kó òkúta fún wọn mọ́ ní Iléṣà, kò sí ẹni tó kó o fún wọn ní Òṣogbo. Wọ́n padà sí Ẹ̀sà-Òkè, ìlú wọn, wọ́n ń ro oko kòkó. Bàbá yín ń ṣe ejò aláìlójú fún ìgbà díẹ̀, àwọn obìnrin kò rà á. Ta ló fẹ́ ejò tí kò lè wo èèyàn? Bàbá yín padà sí yẹtí àti òrùka. Àwọn èèyàn ní ayé ló yí padà tí ejò fi tán ní Òṣogbo. Ayé yí padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, èmi ni mo fi ìgbálẹ̀ lé e jáde.

Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, ó ti le ju ti ọjọ́ kìíní lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, ta ló fẹ́ gbọ́? Mo bí ìyá rẹ, mo bí àwọn yòókù, mi ò sọ ọ́. Nígbà tí bàbá yín wà lórí àìsàn tó mú wọn lọ, wọ́n ń dárúkọ ọ̀rẹ́ wọn yẹn. "Ọ̀rẹ́ mi ni, òkúta kan ló fi tà mí." Èmi ni mo ń fún wọn lómi mu. Mo gbọ́, mo gbé ife sí wọn lẹ́nu.

Obìnrin tó ń gbé obì wá láti Ẹ̀sà-Òkè ní Ẹ̀yinjú ṣì wà láyé, ní ilé kan lẹ́yìn ọjà. Ẹsẹ̀ ò gbé mi mọ́, Àdùkẹ́. Ta ni màá rán? Ráfíà? Kí ó tó dé Àbẹ̀rẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì á ti gbọ́. Bí ọkùnrin yẹn bá kú pẹ̀lú orúkọ olè, kí ni màá sọ fún Ọlọ́run?

Ibi tí wọ́n sọ ọ́ dé nìyẹn. Mo ṣa ẹ̀wà tó kù, mo sè é, a jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo po ògì fún ìyá àgbà, mo ní mò ń lọ ra òwú. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà, mo tún wọ òmíràn lọ sí Ẹ̀sà-Òkè. Mi ò dá rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ ètè kí n má baà gbàgbé rẹ̀, títí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó tì mí fi ní, "Àǹtí, ṣé àdúrà lẹ̀ ń gbà ni?"

Mo béèrè bàbá tó ń fi òkúta sí wúrà nígbà kan rí, wọ́n júwe ilé náà fún mi lẹ́yìn ọjà. Bàbá arúgbó kan jókòó níwájú ilé, wọ́n ń bó obì sínú agbọ̀n. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọn kò wòkè. Ìyàwó ọmọ wọn tó ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ́rìn-ín.

"Etí bàbá ti di o. Pariwo! Bí gbogbo àdúgbò ò bá gbọ́, bàbá ò gbọ́ nìyẹn."

Mo fẹ́ dìde kí n máa lọ. Mo mọ̀ pé tí mo bá dìde, mi ò ní padà wá mọ́. Mo sún mọ́ wọn, mo gbé ẹnu sí etí wọn, mo sì pariwo.

"Bàbá! Láti ilé oníwúrà ní Òṣogbo ni mo ti wá! Ẹ̀yin kọ́ lẹ mú òkúta yẹn! Ìyàwó tuntun ló gbálẹ̀! Òun ló gbá a síta, ẹ̀rù ló bà á, kò sọ!"

Ẹni tó ń fọ aṣọ dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń lọ sí ọjà dúró. Obì tó wà lọ́wọ́ bàbá náà, wọ́n fi í sínú agbọ̀n, wọ́n nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Ṣé ó gbọ́ èyí kí ó tó kú?"

Mo mi orí pé rárá.

Bàbá náà sọ fún ìyàwó ọmọ wọn pé kí ó lọ pe àwọn ọmọ òun wá, gbogbo wọn, èyí tó wà lọ́jà àti èyí tó wà nínú yàrá. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ló wá, gbogbo wọn ti ń hewú. Wọ́n dúró yí wa ká.

Bàbá náà di ọwọ́ mi mú.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ, mo sì pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.